Òkè Oníná Tó Ní Táàpù Lórí

Ó tọ́, ó sì yẹ, kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í jókòó nílé ẹnikẹ́ni láì jẹ́ pé ó ti yí gbogbo táàpù ilé náà pa. Mo ní gbogbo rẹ̀: ti ilé ìdáná, ti ilé ìwẹ̀, àti èyí tó wà lẹ́yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí ìyàwó rẹ̀, ẹnu ìyá ìyàwó ò tíì kúrò nínú "Ẹ káàbọ̀" tí ọkùnrin náà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ níbẹ̀. Màmá rọra sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó jọ pé inú ló ń run ẹni tó mú wá yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wá a káàkiri ilé ìwòsàn kí wọ́n tó bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí báàsínì tí wọ́n fi ń fọwọ́. Ó ní, "Láti ìgbà wo lèyí ti ń kán?" Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá akọ ni àbí abo.

Púlọ́ńbà ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dáa tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò fi gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, tí wọ́n ń pè é ní Adíhò. Lójú Adíhò, ẹ̀ṣẹ̀ méjì péré ló wà láyé: kí nǹkan máa jò, àti kí èèyàn rí i kó má sọ. Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé òun ò bá ọkọ òun jà rí lórí obìnrin, lórí páìpù nìkan ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ìbéèrè ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí o bá ní kó jókòó, yóò ní "Kí ló dé?" Bí o bá ní kó dìde, yóò ní "Kí ló dé?" Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe di Kílódé, nílé àti níléèwé, àfi nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan. Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ fún wọn pé àwọn kan máa lọ sí ìlú kejì lọ wo ilé àkójọ òkúta. Nínú ilé yẹn, òkúta kan wà tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde wá, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọmọdé gbé e lọ́wọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù fún kíláàsì wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí òkè oníná rẹ̀, èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bá tú dáadáa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó sì lè ṣàlàyé ìdí tó fi tú, òun ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kílódé lára gan-an. Lọ́dún tó kọjá, aago oníná ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló bá a fi tépù wé wáyà rẹ̀. Ó wé e, ó tún un wé, débi pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì fúnra rẹ̀ ò rọ́nà gbà mọ́. Aago ò dún. Ọmọ sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ní kò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé kò gbé ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, Kílódé fara balẹ̀ ṣe tirẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó tibi iṣẹ́ dé. Ó gbé ike omi tó ṣófo kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó rẹ ìwé ìròyìn sínú gọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ ẹ́ yí i ká títí ó fi rí ṣóńṣó bí òkè. Ó da sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ àti aró pupa. Nígbà tó wá da fínígà sí i, ìfófòó pupa ru sókè, ó ya jáde lẹ́nu ike, ó ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dùn ún wò. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí.

"Kí ló ń jò níbẹ̀ yẹn?"

"Kò jò, Bàbá. Ó ń tú ni."

"Mo ní kí ló ń jò."

"Òkè oníná ni, Bàbá. Ti iléèwé wa."

Adíhò gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wá ìdí òkè náà yí ká bí dókítà tó ń wá ibi tó ń dun èèyàn. "Ó ń jò nísàlẹ̀. Ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olúwa mi, ó ń jò lókè. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí lo fẹ́ gbé lọ síwájú Àǹtí yín? Kí wọ́n wá béèrè pé iṣẹ́ kí ni bàbá rẹ ń ṣe, kí o sì la ẹnu rẹ dáhùn?"

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. "Bàbá Kílódé, wọ́n ní kó tú jáde ni. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wọn."

"Ta ló kọ ìwé náà? Ṣé púlọ́ńbà ni?"

"Àǹtí ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ jẹ́ kí n rí i." Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó mi orí, ó ká a lára pé ìwé gígùn báyìí kò mẹ́nu kan páìpù rárá. Ó ní kí ọmọ fọkàn balẹ̀. Ó ní òun máa ṣe èyí tó dáa fún un.

Kílódé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo àjà ilé. Ẹni tó bá ti fẹ́ Adíhò á mọ̀ pé nígbà tó bá ti ní òun fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ní Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè, ọkùnrin yìí tètè ń tibi iṣẹ́ dé. Sìmẹ́ńtì ló fi mọ òkè tirẹ̀. Ó fi páìpù sí àárín, ó fi ike líle sí inú ìsàlẹ̀ páìpù náà, ó wé tépù funfun mọ́ gbogbo oríkèé, ó fi gọ́ọ̀mù lé e, ó sì rẹ́ ara òkè náà títí ó fi ń dán bí ògiri báńkì. Nígbà tó parí, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí tábìlì fi kérora. Ó wá mú táàpù bàbà kan, ojúlówó, èyí tó ti ń tọ́jú láti ìgbà pípẹ́ fún iṣẹ́ tó bá tọ́ sí i, ó sì dè é mọ́ ténté orí òkè.

Kílódé wò ó títí. "Bàbá, òkè oníná wo ló ní táàpù lórí?"

"Kò sí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi fi í sí i?"

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ń pa èèyàn."

 

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dán an wò. Àlàyé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe níbí: télọ̀ ti parí yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì mọ́kànlá, funfun báláú, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti fi wọ́n kọ́ sí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń dúró de àwọn tó ni wọ́n. Ó ní, "Bàbá Kílódé, ẹ ò ṣe gbé nǹkan yẹn lọ sí ẹ̀yìnkùlé?" Ọkọ rẹ̀ ní ká gbé kí ni lọ sí ẹ̀yìnkùlé? Nǹkan tí kò lè jò?

Ó da fínígà, ọṣẹ olómi àti aró pupa sínú páìpù. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ di sódà bí ẹní di oògùn, ó jù ú sí i, ó yára de táàpù padà, ó fi sípánà fún un, ó sì tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí Ọlọ́run. Ohun tó kù ni kó ṣí táàpù náà díẹ̀. Àmọ́ kó tó ṣí i, ó fẹ́ kí ìdílé òun ní òye. Ó húkọ́ bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo ìyọnu ayé yìí, láti inú àìní táàpù ló ti ń wá. Ẹ wo òkun..."

"Bàbá, ó ń dún nínú."

"Jẹ́ kó dún. Ibi tó ń lọ ò sí. Ẹ wo òkun, ẹ wo òjò..."

"Bàbá Kílódé, ẹ ṣí i!"

"Ìyá Kílódé, ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ lọ́wọ́."

Gbàààà! Táàpù fò lọ sókè, ó dá àjà lu, ó wọ inú rẹ̀ lọ, kò padà wá. Orí òkè sán dànù. Ìfófòó pupa tẹ̀ lé e, ó fọ́n káàkiri yàrá, ó balẹ̀ sára aṣọ mọ́kànlá láì fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí eruku sìmẹ́ńtì rọlẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàyè, kò sẹ́ni tó fara pa, ojú gbogbo wọn sì pọ́n bí ẹni tó jí nínú ìkòkò ata.

Télọ̀ rọra gbé sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó bá rọra gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní, "Mọ́kànlá."

Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tí òkè ti ya. Ó gbé ojú sókè, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ wá wò ó o! Ike ló ya. Sìmẹ́ńtì ló ya. Ibi tí mo wé tépù sí ò jò rárá!"

Mi ò ní sọ ohun tí télọ̀ dáhùn. Ọmọdé wà níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń bu omi sórí aṣọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ ní ìgbà kejì, ni Kílódé gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí wà níbẹ̀. Ó ní òkè oníná tòótọ́ ò ní sódà, kò sì ní fínígà; òkúta tó gbóná títí ó fi yọ́ ló wà lábẹ́ ilẹ̀, gáàsì sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń wà nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Tí òkúta yíyọ́ náà bá ṣàn, gáàsì á ríbi gbà, òkúta á kàn máa ṣàn wálẹ̀ jẹ́jẹ́, èèyàn á ráyè kó ẹrù rẹ̀ sá. Àmọ́ tó bá ki bíi sìmẹ́ńtì, á dí ẹnu òkè fúnra rẹ̀. Gáàsì á máa pọ̀ lábẹ́, á máa pọ̀, lọ́jọ́ tó bá sì sú u, á ṣí orí òkè náà kúrò.

 Adíhò ju aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Họ́wù! Ẹ̀rọ omi gbígbóná nìyẹn!"

"Èwo, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé omi kaná ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ihò kékeré kan tó fi ń mí. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan sọ pé ó ń kán, ó lọ fi igi há a. Ẹ̀rọ náà bú; ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, orí títì ni wọ́n ti lọ mú un. Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi gbígbóná ni ẹ ń sọ?"

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Ihò ìmí!" ni ọkùnrin náà ń wí. "Òkè náà nílò ihò ìmí ni!"

Ìmọ̀ ti dé bá a, wàhálà tuntun sì dé bá àdúgbò. Láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá tí kò gbọ́ ìdí tí òkè fi ń bú. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ìsọdá wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní òun gbà, òun gbà, kí Adíhò ṣáà jẹ́ kí òun rí abẹ́rẹ́ òun.

Kílódé ní tirẹ̀ tún òkè bébà rẹ̀ ṣe. Ó ní òun máa gbé sìmẹ́ńtì tí kò lórí náà dání, kí òun lè fi oríṣi méjèèjì han Àǹtí. Kò sí ẹlòmíì tó lè gbé e ju bàbá rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó jókòó tì í bí àgbà, ó bá a dá májẹ̀mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé e dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan tèmi. Bó bá ń jò, ẹ jẹ́ kó jò."

Ọ̀rọ̀ náà ro ó bí egbò. Ó ní, "Mo gbọ́. Mi ò ní fọwọ́ kan tìẹ."

Ọmọ yẹn gbọ́n, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Adíhò ru sìmẹ́ńtì dé kíláàsì, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì bí ìgbà gbogbo. Òkè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí tábìlì, bébà gbogbo wọn, ike gbogbo wọn, ọṣẹ, sódà àti aró pupa ti wà nínú gbogbo wọn. Aago lù. Àǹtí kó àwọn ọmọ lọ síta fún ìpàdé àárọ̀. Ó sọ fún Adíhò pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣọ́ wọn," ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ìpàdé náà gbà.

Ẹ rò ó wò. Ẹ fi ẹni tí kò lè jókòó nílé àna rẹ̀ sínú yàrá kan, òun nìkan, pẹ̀lú òkè mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó sán lára, tí ìdí wọn ń sẹ́ omi, tí ẹnu wọn la gbàù. Ọlọ́run rí i pé ó gbìyànjú. Ó wo fèrèsé. Ó yí táàpù ẹ̀yìn kíláàsì pa. Ó tún wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ gẹ́lẹ́: kò fọwọ́ kan ti ọmọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ló kù. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó o.

Ó sì lo ìmọ̀ tuntun rẹ̀ pẹ̀lú o. Kò dí wọn pa. Ó wé tépù funfun mọ́ ẹnu gbogbo wọn, ó sì fi ihò ìmí sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ihò tí kò ju ẹnu bírò lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà dé, àwọn pẹ̀lú Àǹtí àti àwọn òbí mélòó kan tó wá wòran, ọmọ àkọ́kọ́ da fínígà tirẹ̀. Fínígà náà ń kán wọlé tó, tó, tó. Òkè náà ṣe "ṣíììì" bí ẹni tó ń kẹ́dùn, ó dákẹ́. Èkejì ṣe "ṣíììì." Ìkẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ogún, gbogbo kíláàsì ń rùn fínígà, ìyá kan tó ti gbé fóònù sókè láti fi ya fídíò ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, Àǹtí sì ti ń fọwọ́ pa iwájú orí.

Ó kan Kílódé. Ó da fínígà tirẹ̀. Ìfófòó pupa ru, ó ya lẹ́nu, ó ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kún orí tábìlì. Gbogbo kíláàsì pariwo. Kílódé nìkan ni kò pariwo. Ó ti rí tépù funfun lẹ́nu òkè aládùúgbò rẹ̀. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá."

"Mi ò fọwọ́ kan tìẹ."

Ìyá tó ní fóònù fò dìde. "Àǹtí, ojóró ni! Bàbá yìí ló dí ẹnu ti ọmọ mi!"

"Ojóró bí ti báwo, Màmá?" Ọ̀rọ̀ náà dun Adíhò dénú. "Mo bá yín tún un ṣe ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ó ti ń jò tẹ́lẹ̀!"

"Kó máa jò! Ta ló bẹ̀ yín?"

"Ẹ ṣì máa rántí mi lọ́jọ́ kan."

Àǹtí ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó ní kí Adíhò tú tépù ọgbọ̀n òkè náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tú u, ó ń kérora bí ẹni tí wọ́n ní kó wó ilé tó kọ́. Wọ́n da sódà àti fínígà mìíràn sí i, gbogbo òkè tú, tábìlì di odò. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gbogbo tiyín ti tú báyìí, àlàyé ló kù. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ fún òun: kí ló dé tí tiyín ò fi tú lákọ̀ọ́kọ́?

"Nítorí bàbá Kílódé, Àǹtí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Nítorí bàbá Kílódé."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí ó fi kan ọmọ tó kẹ́yìn. Ojú Kílódé ti ń ṣẹ́ omi, nítorí ó rí bí ìjókòó bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ lójú òun. Ṣùgbọ́n ó dìde.

"Gáàsì ló ń gbé nǹkan sókè, Àǹtí. Bí fínígà bá ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, gáàsì á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, á fi omi sílẹ̀ nínú. Ìyẹn ni ti àwọn yẹn. Bí gáàsì bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, á gbé omi jáde. Ìyẹn ni tèmi. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀kùn wá tì..." Ó nawọ́ sí sìmẹ́ńtì tí kò lórí. "Á gbé ilẹ̀kùn."

Àǹtí wo sìmẹ́ńtì náà. Ó wo Adíhò. Ó wo àwọn òbí. Ó ní, "Ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ohun tí mo kọ́ yín." Ó sì kọ orúkọ Kílódé sínú ìwé.

Kílódé lọ, ó gbé òkúta náà lọ́wọ́, ó ní ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì, kìkì ihò ni gbogbo ara rẹ̀, ibi tí gáàsì gbà jáde. Nígbà tó ń sọ ọ́ nílé, bàbá rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ lọ sára àpótí irinṣẹ́. Ìyá rẹ̀ rí ibi tí ojú rẹ̀ ń wò, ó ní, "Bàbá Kílódé, ẹ jókòó."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé kan ti iléèwé wá sọ́dọ̀ gbogbo òbí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: láti ọjọ́ náà lọ, kí òbí kankan má ṣe gbé irinṣẹ́ wọ kíláàsì, kí òbí kankan má ṣe tún iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe, kódà bó bá jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Adíhò kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ká a, ó fi í sápò, ó mi orí tàánútàánú.

Ó ní, "Ìyá Kílódé, àwọn òbí kan ò rọrùn o. Wo bí wọ́n ṣe ń da Àǹtí yẹn láàmú."

Télọ̀ ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀, tí kì í fi ìbéèrè kankan sílẹ̀, ò béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo wá ń bi: ta ni kó lọ sọ fún un?